Ìwé Ni A Fi Ṣe Sàárà

Ìdajì orí Abdulrasaq ni Caleb onígbàjámọ̀ ti fá nígbà tí Abdulrasaq gbọ́ ìyá rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n.

Kì í ṣe ìyá rẹ̀ gan-an. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ni, lẹ́nu obìnrin kan tí kò mọ̀ rí. Nínú fíìmù náà, obìnrin yìí jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bàtà ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, imú bàtà náà kọjú sínú ilé. Àwọn ará àdúgbò ní kó gbé bàtà náà sọnù, pé ọkọ rẹ̀ ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Obìnrin náà ní, “Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ̀nà ilé.”



Ní gbogbo ayé yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Àṣíáwù ni, ìyá tó bí i lọ́mọ, tó ń ta gàrí ní Ọjà-Ọ̀dàn. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí bàbá wọn ti sọdá bọ́dà ní Ìwòyè-Kétu. Ó ní òun ń lọ ra ọjà. Kò padà. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà títí di òní, ìyá wọn ló kọjú rẹ̀ sínú ilé, bíi pé onítọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ abẹ́ òrùlé ni. Kò jáde síta rí.

“Jókòó dáadáa jàre,” ni Caleb wí. “Bí abẹ́ bá gé ọ, má sọ pé èmi ni o.”

“Fíìmù wo nìyí?”

“*Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà*. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló bọ́ sórí Yútúùbù. Gbogbo Ayétòrò ló ń wò ó. Dúró ná, ọmọ obìnrin yẹn ń bọ̀ báyìí. Ọmọ náà á pa ọ́ lẹ́rìn-ín.”

Ọmọ náà jáde lóòótọ́. Ọlọ́kadà ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kọ lẹ́tà sí bàbá wọn, ó ń kà á fún un. Ọmọ náà ń nu ọ̀kadà rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ẹ̀gbọ́n ní, “Báwo lo ṣe rí i?”

Ó ní, “Ó dùn.”

Ẹ̀gbọ́n ní, “Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ti kú.”

Ó ní, “Ó dùn.”

Ẹ̀rín bú ní ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin kan tó ń dúró kó kàn án ń fọwọ́ gbá itan. Abdulrasaq nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ni ọmọ yẹn. Òun gan-an ni. “Ó dùn” yẹn, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti mú un.

Ó ní kí Caleb jọ̀ọ́, kó sún fíìmù náà dé ìparí. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Abdulrasaq ń kà wọ́n ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí ìwé mẹ́fà ló kà kó tó gun ọ̀kadà. Ẹni tó ni ìtàn, Báyọ̀ Ọ̀ṣunníyì. Ẹni tó kọ ọ́, Báyọ̀ Ọ̀ṣunníyì. Olùdarí, Báyọ̀ Ọ̀ṣunníyì. Wọ́n dárúkọ ẹni tó se oúnjẹ. Wọ́n dárúkọ ẹni tó yá wọn ní jẹnẹrétọ̀. Wọn ò dárúkọ Rodiat Bàrúwà.

Ó dìde. Aṣọ ìfárí ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Ràsákì! Ó ku ìdajì! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n sọ pé orí mi ti dàrú ni?”

Abdulrasaq já aṣọ náà sílẹ̀, ó fi fìlà bo orí, ó ta ọ̀kadà.

Rodiat ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oṣù mọ́kànlá rèé tó ti kú. Inú rírun ọjọ́ mẹ́ta péré, ó tán. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ló ń ṣe láyé, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó kọjú sí ọgbà yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ayétòrò. Ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé àṣekágbá wọn. Ẹ̀gẹ́, adìẹ, ẹja. Ó mọ àìsàn adìẹ ju ẹni tó ń sìn ín lọ. Ṣùgbọ́n bí iná bá ti lọ, á fa ìwé ẹlẹ́yìn líle kan yọ lábẹ́ tábìlì, á máa fi báírò kọ fíìmù. Á kọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, á kọ ibi tó wà, á kọ bóyá òòrùn ń ràn. Ó ní fíìmù kì í ṣe àlọ́. Ohun tí ojú bá rí tí etí sì gbọ́ nìkan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀.

Ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnu ló fi sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lágbègbè yẹn nìyẹn. Ọ̀gá onífíìmù á ní kí o wá, kí o rò ó fáwọn. O jókòó, o rò ó látòkèdélẹ̀, wọ́n ra mínírà fún ọ, wọ́n ní àwọn á pè ọ́. Wọn ò pe Rodiat. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó rí ìtàn náà lórí fóònù oníbàárà rẹ̀ kan, orúkọ ẹlòmíì ló wà níbẹ̀. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tó nu ojú tán, ó lọ wádìí.

“Ràsákì, gbọ́ o,” ló wí lọ́jọ́ kan. “Òfin ò mọ ìtàn tó wà nínú orí èèyàn. Àfi kó o kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí kó o gbà á sínú ẹ̀rọ. Ìgbà yẹn ló di tìẹ. Tó bá ti di tìẹ, kò sẹ́ni tó lè gbà á àyàfi kí ìwọ fọwọ́ síwèé fún un.”

“Ó dùn,” ni Abdulrasaq wí. Púlọ́ọ̀gì ọ̀kadà ló ń tú.

Bó ṣe ń kọ *Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà*, bẹ́ẹ̀ ló ń kà á ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́sáàpù, nítorí ó mọ̀ pé ìwé kíkà ń ni àbúrò òun lára. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú méjìlá. Èrò wà lẹ́yìn ọ̀kadà, òjò ṣú, ta ló fẹ́ dúró gbọ́ ìṣẹ́jú méjìlá? Abdulrasaq á fi àtàǹpàkò tẹ èsì padà: Ó dùn.

Lẹ́yìn náà ni ikú dé.

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ṣe àdúà fún un nílé ìyá wọn l'Ọ́jà-Ọ̀dàn. Lẹ́yìn àdúà, wọ́n pín ẹrù rẹ̀. Bí wọ́n ti ń ṣe nílé Bàrúwà nìyẹn. Ẹrù òkú kì í kọjá ọjọ́ kẹjọ nílé wọn. Wọ́n á fi ṣe sàárà, kí ẹ̀san rẹ̀ lè máa tọ olóògbé lẹ́yìn. Híjáàbù lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìkòkò lọ sọ́dọ̀ opó kan. Sálúbàtà lọ sílé kéú. Ó wá ku ìwé ẹlẹ́yìn líle yẹn.

Báyọ̀ Ọ̀ṣunníyì wà níbẹ̀. Onífíìmù ni, Ìlaró ló ti wá. Òun àti Rodiat ti ń sọ ọ́ pé àwọn á jọ ṣiṣẹ́. Ó sunkún lọ́jọ́ náà débi pé àwọn àlùfáà ló ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí nǹkan rẹ̀ kan tí mo lè máa wò, kí n máa fi rántí rẹ̀?”

Abdulrasaq wo ìwé náà. Ta ló fẹ́ kà á nílé? Òun fúnra rẹ̀ ló lọ gbé e. Ọwọ́ méjèèjì ló fi nà án.

“Ẹ gbà, ẹ̀gbọ́n. Sàárà ni.”

“Ọlọ́run á gbà á,” ni Báyọ̀ wí.

Gbogbo ilé ṣe àmín. Abdulrasaq náà ṣe àmín.

Láti Ayétòrò dé Ìlaró lọ́jọ́ tó rí fíìmù yẹn, kò mọ bó ṣe gun ọ̀nà. Tirela sìmẹ́ǹtì fẹ́ẹ̀ gbá a n'Ìbèsè, kò mọ̀. Orí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ọ́fíìsì Báyọ̀ wà, àwòrán bàtà náà ti wà lára ògiri, ó tóbi bí ilẹ̀kùn.

“Háà, àbúrò mi! Ṣé o ti wò ó?”

Inú Báyọ̀ dùn láti rí i. Inú rẹ̀ dùn lóòótọ́. Ìyẹn gan-an ló já Abdulrasaq láyà. Olè kì í rí olóko kó máa yọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, orúkọ rẹ̀ dà?”

“Orúkọ ta?”

“Rodiat.”

Báyọ̀ fa àga fún un, Abdulrasaq kò jókòó.

“Ràsákì. Ìwé yẹn, ta ló fún mi?”

“Èmi ni.”

“Ṣé mo jí i?”

“Rárá.”

“Ṣé mo fipá gbà á? Kí lo sọ nígbà tó o gbé e fún mi?”

“Mo ní sàárà ni.”

“O ṣeun. Lójú àwọn àlùfáà ni. Ẹni tó fi ewúrẹ́ ṣe sàárà fún mi, ṣé ó tún máa wá bi mí léèrè ẹran nínú ọbẹ̀ ni?” Ó gbọ́wọ́ lé e léjìká. “Àti pé òkú ò ní nǹkan mọ́, àbúrò mi. Èmi ni mo wá owó, èmi ni mo kó òṣèré jọ. Ọpẹ́ ló yẹ kó o dú.” Ó wo abẹ́ fìlà. “Kí ló ṣe orí ẹ?”

Ohun tó ń dẹ́rù ba Abdulrasaq ni pé gbogbo rẹ̀ jọ òótọ́. Ọwọ́ méjèèjì ló fi nà án. Òun ló fi orúkọ ẹ̀gbọ́n òun ta ẹlòmíì lọ́rẹ, tó sì tún ṣe àmín sí i.

Ó gba Ọjà-Ọ̀dàn lọ. Ọjọ́ ọjà ni. Ìyá rẹ̀ ń wọn gàrí fún obìnrin kan tó ti ìhà Kétu wá. Abdulrasaq dúró títí obìnrin náà fi lọ, ó wá gbé fóònù fún un, ó ní kó wò ó.

Àṣíáwù wò ó. Ó rí bàtà. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ọwọ́ tó fi di agolo gàrí mú wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí agolo fi kan ilẹ̀. Nígbà tí ọlọ́kadà inú fíìmù ní “Ó dùn,” ó wo ọmọ rẹ̀, ó tún wo fóònù.

“Ìwọ nìyí.”

“Èmi ni, Màmá.”

“Rodi ló kọ eléyìí.”

“Òun ni. Ṣùgbọ́n kò sórúkọ rẹ̀ níbẹ̀.”

Ó wá rò fún un. Ó rò ó dórí ewúrẹ́, dórí ẹran inú ọbẹ̀. Ó ní òun lòun jẹ̀bi. Ìyá rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó bu gàrí sí ọwọ́ rẹ̀.

“Ṣé o rí eléyìí? Mo fi ṣe sàárà fún ọ. Ó ti di tìẹ. Jẹ ẹ́, rẹ ẹ́, dà á nù, kò kàn mí mọ́. Ṣé oko ẹ̀gẹ́ mi ti wá di tìẹ nìyẹn?”

“Rárá, Màmá.”

“Ìwé la fi ṣe sàárà. A ò fi ẹnu ọmọ mi ṣe sàárà.” Ó ti ń di ẹrù rẹ̀. “Dìde. Mo mọ ibi tá à ń lọ. Fìlà ẹ wá ńkọ́? Kí ló wà lábẹ́ ẹ̀? Yéè! Ta ló fá ọ ní ìdajì bí ẹni tó sá lẹ́wọ̀n?”

Ọmọ oníṣu kan tó pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àṣíáwù láti ogún ọdún ló di lọ́yà n'Ìlaró. Túnbọ̀sún lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí Àṣíáwù, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ gàrí àti oko láìdá sí i. Lẹ́yìn náà, ó mí kanlẹ̀.

“Màmá, ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn. Pépà àti yíǹkì, ti Báyọ̀ ni. Ó lè gbé e sórí pẹpẹ, kó máa wò ó sunkún. Àmọ́ iṣẹ́ tó wà nínú ẹ̀, kò bá pépà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ yẹn, inú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí ló ti ń gbà á. Ràsákì, ṣé o fọwọ́ sí nǹkan kan fún un?”

“Rárá, mà.”

“Ó dáa.”

“Ó ní òkú ò ní nǹkan mọ́.”

“Kò mọ̀ ni. Àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé, òfin ṣì ń ṣọ́ iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ̀yin ẹbí tó fi sílẹ̀ lẹ jogún ẹ̀.”

“Àádọ́rin?” ni Àṣíáwù wí. Ẹnu yà á. “Òun fúnra ẹ̀ ò lò tó ọgbọ̀n láyé.”

Túnbọ̀sún fa àga rẹ̀ súnmọ́ wọn.

“Ìṣòro kan ló kù. Báyọ̀ lè ní òun lòun kọ ọ́. Ìwé ọ̀hún wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì lè ti sun ún. Kí lẹ ní tẹ́ ẹ máa fi hàn pé Rodiat ló kọ ọ́?”

Àṣíáwù wo ọmọ rẹ̀. Abdulrasaq wo ilẹ̀. Wọn ò ní nǹkan kan. Wọ́n ti pín gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí nǹkan kan sọ sí i lọ́kàn.

“Ó máa ń kà á fún mi. Lórí Wọ́sáàpù.”

Lọ́yà na ọwọ́ gba fóònù. Ó ń fi ìka fà á sókè, ó ń fà á sókè. Lójijì, ó dúró.

“Mẹ́tàdínlógún ló wà níbí.” Ó tún wò ó. “Ràsákì, èyí téèyàn bá ti gbọ́, àmì ara ẹ̀ máa ń di búlúù. Ẹyọ kan ló di búlúù níbí. Ṣé o ò gbọ́ ìyókù ni?”

Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èsì rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó dùn. Ó dùn. Ó dùn.

“Kí ló wí?” ni Àṣíáwù bi wọ́n.

Lọ́yà tẹ ìkejì.

“Èmi Rodiat Bàrúwà ni mò ń sọ̀rọ̀. Òní ni ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024. Èmi ni mo kọ ìtàn yìí. *Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà*, apá kejì.”

Àṣíáwù fò dìde. “Rodi?” Ó wo ẹnu ọ̀nà. Lóòótọ́ ló wo ẹnu ọ̀nà. Abdulrasaq dì í mú. Ohùn náà kò kú. Ó ń dún kedere, ó ń ka ọ̀rọ̀ obìnrin oníbàtà, ó tún ń yí ohùn padà láti fi ka ti ọlọ́kadà.

Túnbọ̀sún tẹ ìkẹta. Orúkọ, ọjọ́, oṣù, ọdún. Ó tẹ ìkẹrin. Bákan náà. Ó gbé fóònù sílẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n ẹ mọ ohun tó ń ṣe,” ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. “Kì í ṣe pé ó kàn ń kà á fún ọ. Ó ń tọ́jú ẹ̀rí.”

Ó tẹ èyí tó gbẹ̀yìn. Kò gùn rárá.

“Ràsákì. Mo mọ̀ pé o kì í gbọ́ ọ. Mo ti fi ọ́ sínú fíìmù, ìyẹn ni mo fi gbẹ̀san.” Ó rẹ́rìn-ín. “Kò burú. Ṣáà má pa á rẹ́. Ìwé lè jóná, kọ̀ǹpútà ọ̀gá mi lè bàjẹ́. Ìwọ kì í pa nǹkan rẹ́, ọ̀lẹ ni ẹ́. Ìdí tí mo fi ń kó o sí ẹ lọ́wọ́ nìyẹn. Ṣé ó dùn?”

Abdulrasaq ranjú mọ́ fóònù náà. Àpò àyà rẹ̀ ló ń gbé e sí lójoojúmọ́, lórí ọ̀kadà, nínú òjò, nínú eruku. Ó wà nínú àpò yẹn lọ́jọ́ kẹjọ tó gbé ìwé fún Báyọ̀. Ó wà níbẹ̀ nígbà tó ṣe àmín.

Lọ́yà kọ lẹ́tà sí Báyọ̀. Báyọ̀ wá, ó wọ agbádá, ó mú ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ rẹ̀ dání. Kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí Túnbọ̀sún fi gbé fóònù sáàárín tábìlì. Rodiat bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tó kan ibi tí obìnrin oníbàtà ń bá àwọn ará àdúgbò jà, ètè Báyọ̀ ń bá a lọ láìmọ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ tó kàn. Ó ti há a sórí. Lójijì, ó gbọ́ ara rẹ̀, ó pa ẹnu dé.

“Mo rò pé inú ìwé yẹn nìkan ló wà,” ló wí.

Òun náà gbọ́ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹnu ara rẹ̀ jáde.

Ó yí sí Àṣíáwù, ó dọ̀bálẹ̀. “Ẹ dárí jì mí, Màmá. Kí lẹ fẹ́?”

“Orúkọ ọmọ mi. Kó ṣáájú tìẹ.”

Túnbọ̀sún ní àwọn lè ní kí Yútúùbù yọ fíìmù náà pátápátá. Àṣíáwù ní rárá, ọmọ òun kọ ọ́ kí wọ́n lè wò ó ni. Lọ́yà wá kọ̀wé, ó kọ ohun tó tọ́ sí wọn síbẹ̀. Ó sọ fún Àṣíáwù pé kó má tà á o, kó yá a ni, fíìmù kan ṣoṣo yìí péré. Bí Báyọ̀ bá fẹ́ ṣe apá kejì, kó padà wá kanlẹ̀kùn. Àṣíáwù ní ìyẹn yé òun, bí wọ́n ti ń yáni ní oko náà ni. Ó tẹ ìka sí i. Báyọ̀ fọwọ́ sí i. Abdulrasaq náà fọwọ́ sí i, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kò yára.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn náà, ó padà sí ṣọ́ọ̀bù Caleb. Irun ti hù padà níhà kan ju ìhà kejì lọ. Caleb ní orí rẹ̀ dà bí òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Fíìmù náà ṣì ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, kò tíì sú wọn. Nígbà tó parí, orúkọ gòkè. Abdulrasaq na ọrùn. Ẹni tó kọ ìtàn yìí, R, O, D. Ó kà á tán, ó jókòó padà.

Ó ní ẹ̀rọ kékeré kan létí. Ọ̀kan lójúmọ́ ló ń gbọ́ nínú àwọn tí Rodiat kà ránṣẹ́. Ó ti gbọ́ mọ́kànlá. Caleb fi ìdí abẹ́ kàn án léjìká.

“Kí lò ń gbọ́ látàárọ̀? Ṣé ó dùn?”

Abdulrasaq gbọ́wọ́ sókè.

“Dúró ná. Mi ò tíì gbọ́ ọ tán.”